Ohun Ìdí Ihò Eyín Tí Ń Bá Kòkòrò Jà

Ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí a rán díẹ̀ nínú wa lọ sí Kòmu ní Òkè-Ògùn láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ó já fáfá nínú ìṣirò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, ńṣe ni ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, kò dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kẹrin, kò wá sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Nígbà tí a dé ilé wọn, tí a sì kí ìyá rẹ̀ àgbà tán, ìyá náà wí fún wa pé, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú àánú ọmọ. Kòkòrò ni ó ń jẹ ẹ́ ní eyín. A ti fi èéfín lé e títí, kò gbọ́. Yíyọ ni a ó yọ ọ́.” Wọ́n sì yọ ọ́ nítòótọ́. Eyín àgbà ni, ọ̀kan nínú àwọn ti ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ, tí kì í tún hù mọ́ bí a bá ti yọ ọ́.

A kò dá ìyá àgbà lẹ́bi, nítorí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀, ìrora ọmọ ni olúkúlùkù ń wò. Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà bọ̀, a bi ara wa léèrè pé: Kí ni à bá ti ṣe tí eyín náà ì bá fi wà lẹ́nu rẹ̀ di ọjọ́ ogbó? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa lọ wádìí nípa àwọn ohun tí àwọn oníṣègùn fi ń dí ihò eyín, pàápàá irú èyí tí kì í kàn dí ihò lásán, tí ó tún ń bá àwọn kòkòrò tí ó gbẹ́ ihò náà jà. Ohun tí a rí ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà náà yé. Àwọn baba wa ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Ìgbàgbọ́ pé ohun kan bí ìdin ni ó ń gbẹ́ ihò sínú eyín kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn ará Bábílónì ayé àtijọ́ gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára wàláà amọ̀. Àwọn ará Yúróòpù náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1728 ni Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé òun wá ìdin náà títí, òun kò rí i. Lẹ́yìn náà ni W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1890. Ó fi hàn pé àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú ẹnu gbogbo ènìyàn, pé wọ́n a máa sọ ṣúgà àti oúnjẹ oníyẹ̀fun di ohun kíkan, àti pé ohun kíkan náà ni ó ń jẹ eyín. Ní 1924, J. Kilian Clarke ní ìlú London rí ọ̀kan nínú wọn nínú eyín tí ó ti jẹrà, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Streptococcus mutans. Nítorí náà, ìyá àgbà kò ṣìnà tán. Kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí i, èéfín kò sì lè lé e.

Báwo ni àwọn kòkòrò yìí ti ń ṣiṣẹ́? Awọ òde eyín ni ohun tí ó le jù nínú ara ènìyàn. Ó le ju egungun lọ. Kálsíọ̀mù àti fọ́sífeetì ni èròjà tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá lá ṣúgà, tàbí tí ó jẹ bisikíìtì, tí àjẹkù rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ eyín, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn kòkòrò yóò ti sọ ọ́ di ìkan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ásíìdì. Òṣùwọ̀n kan wà tí a fi ń wọn ìkan, tí à ń pè ní pH. Omi lásán wà ní 7. Bí nọ́ńbà náà ti ń relẹ̀ sí i ni ìkan ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó bá relẹ̀ dé nǹkan bí 5.5, kálsíọ̀mù àti fọ́sífeetì a bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ kúrò lára eyín. Lẹ́yìn nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan, itọ́ a ṣan ìkan náà lọ, a sì dá díẹ̀ nínú ohun tí ó sọnù padà sára eyín. Bí a bá ń jẹ ohun dídùn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, itọ́ lè tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹnu kò bá sinmi láti àárọ̀ di alẹ́, ìbàjẹ́ a borí àtúnṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà: lónìí àmì funfun kékeré ni, lọ́la ó di ihò, lọ́tùn-ún ihò náà ti kọjá awọ òde, ó ti wọ inú tí ó rọ̀ díẹ̀, ó ń lọ síbi mùdùnmúdùn eyín, níbi tí iṣan ìmọ̀lára wà. Ìgbà tí ó bá dé ibẹ̀ ni ọmọ kò ní lè sùn lóru mọ́.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn fi ń gbá ihò eyín mọ́, tí wọ́n sì ń dí i. Èyí tí ó ti pẹ́, tí ó sì wọ́pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ohun tí wọ́n fi ń dí i ni amálígámù, tí a fi fàdákà, tánńganran àti bàbà pò pọ̀ mọ́ mẹ́kúrì, irin tí ń ṣàn bí omi. Mẹ́kúrì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Amálígámù lágbára, ó sì ń pẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mẹ́kúrì lè ba omi àti ẹja jẹ́, èyí sì ni ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò ní 2013 lórí ìwé àdéhùn Minamata, tí a sọ ní orúkọ ìlú kan ní Japan níbi tí mẹ́kúrì ti ṣe ènìyàn púpọ̀ ní jàǹbá. Àdéhùn náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, sọ pé kí a máa dín lílo amálígámù kù. Èkejì ni ohun ìdíhò funfun tí a fi ọ̀dà líle ṣe, tí ó jọ eyín gan-an. Ẹwà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti ń gan ni ó ń sún kì díẹ̀, ó sì lè fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀ létí eyín. Aláǹgbá tún rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ kò sì ní ohun ìjà kankan tí yóò fi kọ ojú ìjà sí kòkòrò tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé.

Nísinsìnyí ni a dé orí ohun tí a fẹ́ sọ gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn oníṣègùn eyín a máa lo irú sìmẹ́ǹtì kan tí ó ní ìyẹ̀fun ìgò nínú. Sìmẹ́ǹtì náà kò lágbára. Itọ́ a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fara balẹ̀ wò rí ohun àrà kan: bí sìmẹ́ǹtì náà tilẹ̀ ń jẹ tán, eyín tí ó yí i ká kì í sábà bàjẹ́. Kí ni ìdí rẹ̀? Fúlúráìdì wà nínú ìgò tí a lọ̀ náà, ó sì ń yọ jáde lọ sára eyín. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣá tì. Alan Wilson àti Brian Kent, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ìjọba ní London, wá ọ̀nà láti ṣe sìmẹ́ǹtì tuntun tí yóò máa tú fúlúráìdì jáde, ṣùgbọ́n tí itọ́ kò ní tètè jẹ. Ní 1972 ni wọ́n sọ ọ́ di mímọ̀ fún àwọn oníṣègùn. Orúkọ rẹ̀ ni glass ionomer. Àwa yóò máa pè é ní sìmẹ́ǹtì onígò.

Ohun méjì ni a fi ń po sìmẹ́ǹtì onígò: ìyẹ̀fun ìgò pàtàkì kan tí a lọ̀ kúnná, tí kálsíọ̀mù tàbí strontium, alumíníọ̀mù àti fúlúráìdì wà nínú rẹ̀, àti omi kan tí ó kan. Nígbà tí a bá pò wọ́n, omi kíkan náà a jẹ ojú ìyẹ̀fun ìgò, a sì tú áyọ̀nù jáde láti inú rẹ̀. Áyọ̀nù wọ̀nyí ni yóò so omi náà pọ̀ tí yóò fi gan láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Sìmẹ́ǹtì yìí tún ń dì mọ́ kálsíọ̀mù ara eyín fúnra rẹ̀, bí amọ̀ tútù ti ń dì mọ́ ògiri amọ̀.

Bóyá ẹnìkan yóò béèrè pé, kí ni áyọ̀nù? Ẹ rántí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá da iyọ̀ sínú omi. Ojú kò rí iyọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ńṣe ni iyọ̀ náà ti túká sí ẹyọ kéékèèké tí ó kéré rékọjá ohun tí a lè fi ojú rí, olúkúlùkù sì gbé agbára mànàmáná díẹ̀ lọ́wọ́, àwọn kan pẹ̀lú àmì àròpọ̀, àwọn kan pẹ̀lú àmì àyọkúrò. Irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní áyọ̀nù. Sìmẹ́ǹtì onígò dàbí àpò iyọ̀ tí ó ń jò díẹ̀díẹ̀: ní ọjọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì, áyọ̀nù fúlúráìdì tí ń jáde nínú rẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà ó dínkù, ṣùgbọ́n kò dá, ó sì lè máa jáde bẹ́ẹ̀ fún oṣù àti fún ọdún. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé àpò náà ṣeé tún rọ. Bí a bá fi ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fúlúráìdì fọ eyín, sìmẹ́ǹtì náà a gba díẹ̀ mọ́ra, a sì tún máa tú u jáde lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ wo wá ni fúlúráìdì ń ṣe? Èkíní, ó ń ran itọ́ lọ́wọ́ láti dá ohun tí ó yọ́ padà sára eyín, eyín tí ó bá sì gbà á mọ́ra a le sí i: dípò kí ó máa yọ́ ní pH 5.5, ó di nǹkan bí 4.5 kí ó tó yọ́. Èkejì ni ìjà tí ó ń bá kòkòrò jà, ọgbọ́n ogun sì wà nínú rẹ̀. Áyọ̀nù fúlúráìdì kò rí ọ̀nà wọ inú kòkòrò ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkòrò bá ti jẹ ṣúgà, tí ó sì ti sọ àyíká rẹ̀ di kíkan, fúlúráìdì a so mọ́ háídírójìn tí ó wà nínú ìkan náà, àwọn méjèèjì a sì jọ wọlé. Bí wọ́n bá dé inú, wọ́n a tún pínyà. Háídírójìn a sọ inú kòkòrò fúnra rẹ̀ di kíkan. Fúlúráìdì a dá iṣẹ́ ohun tí kòkòrò fi ń da ṣúgà dúró. Bí ìkan tí kòkòrò ń ṣe bá ti pọ̀ tó ni ọ̀nà ṣe ń là sí i fún ọ̀tá rẹ̀. Ìkà a máa padà sórí oníkà. Yàtọ̀ sí èyí, sìmẹ́ǹtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò kan púpọ̀, ìkan rẹ̀ yìí sì ń pa lára kòkòrò tí ó ṣẹ́kù sínú ihò kí ó tó gan tán.

Fúlúráìdì nìkan kọ́ ni jagunjagun. Síǹkì náà wà. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń po ìyẹ̀fun síǹkì mọ́ òróró kànáfùrù, èyí tí ìyá olóúnjẹ mọ̀ dáradára, láti fi dí eyín fún ìgbà díẹ̀: kànáfùrù a mú kí ìrora rọlẹ̀, òun àti síǹkì a sì jọ ká kòkòrò lọ́wọ́ kò. Ní 1968 ni Dennis Smith ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi síǹkì ṣe sìmẹ́ǹtì mìíràn tí ń dì mọ́ eyín. Fàdákà pẹ̀lú lágbára gan-an: áyọ̀nù rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò, a sì ba ohun tí ó fi ń mí àti èyí tí ó fi ń bí sí i jẹ́. Oògùn olómi kan wà tí a fi fàdákà àti fúlúráìdì ṣe pọ̀, tí wọ́n ti ń lò ní Japan láti nǹkan bí 1970. Bí a bá fi kan eyín tí ó ń jẹrà, ìjẹrà náà lè dúró láìgbẹ́ ihò rárá. Ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ yóò dúdú bí èédú, kò sì ní ṣí mọ́.

Báwo ni a ti ń dán agbára wọn wò? Nínú àwo pẹlẹbẹ ni a ti ń gbin kòkòrò sórí ohun tí ó dàbí ẹ̀kọ tútù. A ó gbé ègé sìmẹ́ǹtì sí àárín, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí áyọ̀nù tí ń jáde bá lágbára, òrùka mímọ́ kan yóò yí ègé náà ká, níbi tí kòkòrò kankan kò ti lè hù. Irú ìdánwò báyìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní 1971, Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí omi tí wọ́n yọ lára àwọn orin tí a fi ń fọ eyín, orin ata sì wà lára wọn. Wọ́n rí i pé omi náà ń ṣẹ́gun kòkòrò. Nítorí náà, bí a bá rí baba àgbà ní Kòmu tí ó jókòó lójú ọ̀nà oko ní òwúrọ̀, tí ó ń fi orin fọ eyín, kí a má ṣe rò pé igi lásán ni ó ń jẹ.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ àsọdùn. Inú àwo kì í ṣe inú ẹnu. Inú ẹnu ni itọ́ ti ń ṣàn, tí oúnjẹ ń kọjá, tí kòkòrò sì kó ara wọn jọ nípọn bí ewéko orí omi. Ohun tí sìmẹ́ǹtì onígò ń ṣe nínú àwo lágbára ju èyí tí a ń rí nínú ẹnu lọ, ó sì lágbára nígbà tí ó wà ní tútù ju ìgbà tí ó ti gan lọ. Àwọn onímọ̀ kò tíì fi ẹnu kò lórí bí áyọ̀nù náà ti ń dènà ihò tuntun tó létí èyí tí a ti dí. Sìmẹ́ǹtì yìí kò sì lágbára tó amálígámù. Bí ihò bá tóbi, tí ó sì gba ojú eyín méjì tàbí mẹ́ta, ó lè fọ́ tàbí kí ó jẹ. Ibi tí ó ti dára jù ni ihò kékeré tí ó wà ní ojú kan ṣoṣo. Bákan náà, bí ihò bá ti dé mùdùnmúdùn, kò sí áyọ̀nù tí ó lè dá ọ̀rọ̀ náà padà. Iṣẹ́ mìíràn ni oníṣègùn yóò ṣe níbẹ̀.

Kí ni ó wá mú kí sìmẹ́ǹtì yìí ṣe pàtàkì fún irú ibi bíi Kòmu? Ìdí ni pé kò bèèrè iná mànàmáná. Ní ilẹ̀ Tanzania, ní àárín ọdún 1980 sí 1989, Jo Frencken àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú kan tí kò lo ẹ̀rọ ìgbẹ́yín rárá. Irin ọwọ́ kékeré ni wọ́n fi ń ha ibi tí ó ti rà kúrò, wọn a sì fi sìmẹ́ǹtì onígò dí ihò náà, àti àwọn kòtò tín-ín-rín tí ó wà lójú eyín. Aláìsàn lè dùbúlẹ̀ sórí tábìlì ilé ẹ̀kọ́. Ìrora rẹ̀ kò pọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ní 1994, ọdún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ya Ọjọ́ Ìlera rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu àti eyín, àjọ náà polongo ọ̀nà yìí fún gbogbo ayé. Ní 2021, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì onígò, ọṣẹ ìfọyín onífúlúráìdì, àti oògùn fàdákà tí a mẹ́nu bà lókè sínú ìwé àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a ó di olùkọ́ láìpẹ́, a ó sì tú ká lọ sí ìlú àti abúlé. Láti Kòmu dé Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá UCH ti ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín, ọ̀nà jìn. Òbí tí yóò ru owó ọkọ̀ yìí fún ọmọ tí kò tíì sunkún kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ojú olùkọ́ ń rí ẹnu ọmọ lójoojúmọ́, nígbà tí ó ń kàwé àti nígbà tí ó ń rẹ́rìn-ín. Bí a bá rí àmì funfun tàbí àmì dúdú lára eyín, kí a pe òbí rẹ̀, kí a sì ṣe àlàyé ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé ìgbà tí kò tíì dùn ún gan-an ni ìgbà tí ó ṣeé tún ṣe. Kí a kọ́ àwọn ọmọ láti máa fi ọṣẹ onífúlúráìdì fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí àwọn tí ń lo orin má sì fi í sílẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ kún un. Kí a má sì jẹ́ kí ṣúgà di ẹ̀bùn tí a fi ń yin ọmọ tí ó mọ̀wé. Bí àwọn elétò ìlera bá wá sí agbègbè wa, kí olùkọ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò béèrè bóyá wọ́n mú sìmẹ́ǹtì onígò lọ́wọ́.

Nígbà tí a fi Kòmu sílẹ̀, ọmọbìnrin náà ti padà sí kíláàsì, ó sì tún ti ń ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìṣirò. Ó rẹ́rìn-ín sí wa nígbà tí a ń dágbére, àlàfo náà sì hàn lẹ́yìn. Eyín mẹ́ta mìíràn bí irú èyí tí ó lọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. A ti bá ìyá rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀ nípa wọn, ìyá náà sì béèrè lọ́wọ́ wa pé ọjọ́ wo ni àwọn tí ń dí eyín yóò wá. A kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Ó kù sí ọwọ́ àwa àti ẹ̀yin kí ìbéèrè náà má ṣe wà láìní ìdáhùn.